Afárá Wà, Odò Kò Sí

Afárá wà, odò kò sí. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti Haines Junction lórí Òpópónà Alaska, ní ilẹ̀ Yukon ní àríwá Kánádà, ọ̀nà á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìpẹ̀kun adágún Kluane, á sì gba orí afárá kan tí wọ́n ṣe nítorí omi púpọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ lónìí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ aláwọ̀ eérú ló nà lọ títí dé ìdí àwọn òkè, tí omi tóóró bíi mélòó kan ń wọ́ káàkiri inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ wá láti ìhà yìnyín, eruku á dìde, á bo òkè, á bo ọ̀nà, ọlọ́kọ̀ á tan iná lọ́sàn-án gangan. Ọkọ mi tẹ búrèkì. "Ìyá Kẹ́mi, ọyẹ́ tún bá wa dé ibí ni?" Kì í ṣe ọyẹ́. Ìsàlẹ̀ odò ló ń fò kiri lójú ọ̀run.

Slims ni máàpù ti ń pe odò yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹṣin ni Slim. Àwọn tó wá wa góòlù lágbègbè náà ní 1903 ló kó o wá, ó kú sómi, wọ́n sì fi orúkọ ẹṣin tó kú sọ odò tó pa á. Ä'äy Chù ni àwọn Southern Tutchone ń pè é, àwọn tó ti ń pẹja, tí wọ́n sì ti ń dọdẹ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó góòlù. Wọ́n ti ń kọ orúkọ yẹn sójú pátákó báyìí. Ó dára, ó kàn pẹ́ ni.

Bí odò náà ṣe lọ ni kò jọ bí odò ṣe ń gbẹ. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin péré ni, 26 sí 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Omi rẹ̀ ń wá láti ẹnu Kaskawulsh, odò yìnyín kan tó gùn tó nǹkan bí 70 kìlómítà, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ láti àárín àwọn òkè. Orí ibi tí ilẹ̀ ti pín sọ́nà méjì ni ẹnu yìnyín náà jókòó sí. Omi tó bá yà sí àríwá á gba Ä'äy Chù wọ adágún Kluane, láti ibẹ̀ á tẹ̀ lé odò kan bọ́ sí òmíràn títí á fi wọ odò Yukon, á sì jálẹ̀ sí òkun Bering. Èyí tó bá yà sí ọ̀nà kejì, ti gúúsù, á gba odò Kaskawulsh wọ odò Alsek, ó di òkun Pàsífíìkì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yìnyín náà fi ń fà sẹ́yìn nítorí ayé tó ń gbóná. Lọ́dún yẹn, omi tó yọ́ la kòtò jíjìn kan gba inú yìnyín fúnra rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ sì ya sọ́nà kejì. Daniel Shugar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ wá wo odò náà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, wọn kò bá odò. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017 sọ pé bí ayé kò bá gbóná ni, àǹfààní pé kí yìnyín náà fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ kò ju ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Àwọn oníròyìn ní odò kan jí omi odò kejì. Mo fẹ́ bá wọn jiyàn díẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀nà gúúsù yìí gan-an ni adágún Kluane ń gbà ṣàn lọ sí Alsek. Yìnyín ló tẹ̀ síwájú nígbà náà tó dínà mọ́ ọn, tí adágún fi kún, tó sì yíjú padà sí àríwá. Nítorí náà omi ò jalè. Ó gba ọ̀nà tí ó ti mọ̀ rí padà ni. Èyí kò sọ ọ́ di ìròyìn ayọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó dáná sábẹ́ yìnyín. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, gbogbo wa la jọ dá a, títí kan èmi àti ọkọ mi tí a wa ọkọ̀ wá láti Edmonton.

Kámpà la háyà: ibùsùn lẹ́yìn, sítóòfù gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, táńkì omi tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí a bá já sí kòtò. Kòtò pọ̀ lọ́nà náà o, pàápàá lẹ́yìn Destruction Bay. Ilẹ̀ dídì ni wọ́n la títì náà lé lórí, ilẹ̀ dídì yẹn sì ti ń yọ́, ni ọ̀dà bá ń wú síhìn-ín, tó ń rì sọ́hùn-ún. Bàbá Kẹ́mi ní òun ti wakọ̀ ní Nàìjíríà rí, ojú òun kò lè fọ́.

Kluane ni adágún tó tóbi jù ní Yukon, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 400 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ bi mí. Láàárọ̀ ó dúdú bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó. Bí oòrùn bá gun òkè tán, á di àwọ̀ kan tó wà láàrin ewé àti ọ̀run. Etí omi ti sún sẹ́yìn láti ìgbà tí Ä'äy Chù ti dáwọ́ dúró, òkúta funfun tí wọ́n ti wà lábẹ́ omi láti ayébáyé sì jókòó sójú oòrùn bí ẹni tí wọ́n tú láṣọ. Àwọn ará Burwash Landing, níbi tí àwọn Kluane First Nation ń gbé, ń pẹja nínú adágún yìí. Kò sí ẹni tó bi wọ́n kí a tó gba omi náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ má retí pé ẹ máa rí òkè Logan láti ojú títì. Ó ga ní 5,959 mítà, kò sí òkè tó ga tó o ní Kánádà, síbẹ̀ àwọn òkè iwájú ti dúró ṣánṣán, wọ́n fi í pamọ́. Àwọn àgùntàn òkè funfun tó wà lára òkè Tachäl Dhäl lè jẹ́ gbogbo ohun funfun tí onímọ́tò máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí yìnyín gidi, yálà kó fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní ilẹ̀ béárì, tàbí kó san owó ọkọ̀ òfurufú kékeré. Ẹsẹ̀ wa kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọdé mọ́. A sanwó.

Láti òkè, Kaskawulsh kò jọ ohun tó dúró sójú kan. Apá rẹ̀ méjì ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ̀ láàrin òkè, wọ́n pàdé, ẹrù òkúta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì di ilà dúdú gbọọrọ kan láàrin yìnyín, tó ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Àwọn adágún kéékèèké wà lórí rẹ̀ tí àwọ̀ wọn dàbí ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ wò pẹ́. Lápá ìsàlẹ̀, yìnyín náà dọ̀tí, ó fọ́ yángayànga, ó jọ ibi tí wọ́n ti wó ilé. A rí kòtò tí omi gbà sá lọ. Kò tóbi tó bí mo ṣe rò. Ọkọ mi tó máa ń ṣàwàdà nípa ohun gbogbo kò sọ nǹkan kan títí a fi balẹ̀.

Ibùdó Congdon Creek la sùn, létí adágún. Béárì pọ̀ níbẹ̀ lásìkò tí èso igbó bá pọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí òfin wà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn sínú àgọ́ aláṣọ; ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wo páànù kámpà wa bí ààfin. Ilẹ̀ kì í ṣú dénú ní oṣù Keje. A fi aṣọ dí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ́ wọlé.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dòdò ti ṣẹlẹ̀. A gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá láti ilé, ó ti pọ́n dáadáa, ọkọ mi sì ti gbé apẹ fífẹ̀ kaná. Mo ní, "Bàbá Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín nǹkan níbí." Mo ti kà á pé àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ yìí, Annie Ned àti Kitty Smith, sọ fún onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn kan, Julie Cruikshank, pé a kì í fi ọ̀rá dáná nítòsí odò yìnyín. Yìnyín kórìíra òórùn ọ̀rá tó ń gbóná; ó ń gbọ́ràn, ó ń gbóòórùn, a kì í sọ ọ̀rọ̀ ìgbéraga níwájú rẹ̀, a kì í fi í ṣẹ̀sín. Cruikshank kó àwọn ìtàn wọ̀nyí sínú ìwé kan ní 2005, ó sì bi wá lórí èèpo ìwé náà bóyá yìnyín máa ń fetí sílẹ̀: *Do Glaciers Listen?*

Ọkọ mi wo òkè, ó wo apẹ. "Yìnyín tó wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún? Ṣé ó nímú ni?"

"Bó bá létí, kí ló ní kó má nímú?"

A se ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èèwọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àròsọ wò ó dáadáa: àwọn tó ṣòfin pé kí ènìyàn má ṣe ṣe fàlàlà pẹ̀lú iná àti ọ̀rá níwájú yìnyín kò ṣìnà púpọ̀, nígbà tí a rí ohun tí epo tí gbogbo ayé ń sun ti ṣe fún Kaskawulsh.

Ìtàn mìíràn ni ti Nàłùdi, odò yìnyín kan tí máàpù ń pè ní Lowell. Wọ́n ní ọ̀dọ́ kan fi àgbà kan tí orí rẹ̀ pá ṣe yẹ̀yẹ́. (Àwa tí a mọ ìtàn Èlíṣà, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orí pípá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.) Àgbà náà ní agbára, ó lọ bá yìnyín sọ̀rọ̀. Yìnyín dìde, ó dábùú odò Alsek, omi kún lẹ́yìn rẹ̀ di adágún ńlá, títí dé ibi tí Haines Junction wà lónìí. Ọjọ́ tí ìdènà já, omi gbá àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá wọn ilà etí omi àtijọ́ tó wà lára àwọn òkè àti igi tí omi gbé jókòó síbẹ̀, wọ́n sì gbà pé Nàłùdi ti dí Alsek pa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó kẹ́yìn ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Sámọ́nì tí ìdènà há mọ́ adágún Kathleen kò rọ́nà padà sí òkun, ìran wọn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn onítàn ti sọ tẹ́lẹ̀ ni àwọn onímọ̀ náà lọ wọn.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá ka ìwé àlejò tó ń pe Kluane ní aginjù tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀. Òfin ló sọ ọ́ di aginjù. Ní 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà la òpópónà tí a gbà yìí, ó lé ní 2,400 kìlómítà, láàrin oṣù bíi mẹ́jọ, nítorí ẹ̀rù Japan. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ láti gúúsù olóoru, tí wọ́n sùn nínú àgọ́ ní òtútù tí irin ń kán. Nítòsí Beaver Creek, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, katapílà Refines Sims, aláwọ̀ dúdú láti Philadelphia, àti ti Alfred Jalufka, aláwọ̀ funfun láti Texas, pàdé ara wọn nínú igbó, ọ̀nà sì já. Ní 20 oṣù Kọkànlá, wọ́n gé ríbọ́nì ní Soldiers' Summit, lókè adágún Kluane. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ìtàn ọ̀nà náà fi gbàgbé ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Mo dúró ní Soldiers' Summit pẹ́.

Àárín àwọn onílé ni ọ̀nà náà gbà, èéyi àti àwọn àrùn mìíràn sì bá a wọlé. Àwọn tó wá la ọ̀nà ń yìnbọn pa ẹran. Ìjọba wò ó pé ẹran máa tán, ni wọ́n bá sọ ilẹ̀ náà di ibi tí a kò gbọdọ̀ dọdẹ mọ́ ní 1943. Àlejò yìnbọn, onílé ni wọ́n fi òfin dè. Ìyá àti bàbá tó mọ ọ̀nà inú yìnyín, tó mọ ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò lè mú ọmọ wọn débẹ̀ mọ́. Ọgbà ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970, UNESCO fọwọ́ sí i ní 1979. Ó di ọdún 1993 kí àwọn onílé tí à ń pè ní Champagne àti Aishihik tó bá ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn ilẹ̀ wọn. Ti Kluane First Nation di 2003. Wọ́n ń bá ìjọba jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọgbà náà báyìí, ṣùgbọ́n ìran kan ti dàgbà láìtẹ ibẹ̀, ìtàn tí a kò bá sọ níbi tó ti ṣẹlẹ̀ sì máa ń ṣòro láti gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ, ẹ yà ní Da Kų ní Haines Junction, ilé àṣà àwọn Champagne àti Aishihik, kí ẹ tó wakọ̀ kọjá. Ẹ béèrè ìtàn kí ẹ tó béèrè máàpù. Ẹ sì rọ epo ọkọ̀ kún níbẹ̀, nítorí ilé epo jìnnà síra níwájú.