Ọ̀nà Tí Omi Ìdọ̀tí Ń Gbà Jáde

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé nílẹ̀ Yorùbá a máa bẹ̀rù ohun púpọ̀. A máa bẹ̀rù ọmọ onílẹ̀, a máa bẹ̀rù ayédèrú ìwé, a sì máa bẹ̀rù ẹni tó ta ilé kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ó fi ń gba agbẹjọ́rò, tí ó ń pe awọnlẹ̀, tí ó sì ń yẹ ògiri àti òrùlé wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn olùrà kì í sábà bi ẹni tó ń ta ilé: ibo ni omi ìdọ̀tí ilé yìí ń gbà jáde?

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, títí kan Èkó, kò sí páìpù àjùmọ̀lò tó ń kó ẹ̀gbin ilé púpọ̀ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ onílé ni ó ń gbé. Ẹni tó ra ilé ti ra ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ fẹ̀yìntì kan ní Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó fi ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìwé ilé náà pé, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, táìlì tuntun ni wọ́n sì tẹ́ sí gbogbo balùwẹ̀. Kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó wọlé tí ẹ̀gbin fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde ní balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í fi àrùn rẹ̀ hàn. Ìgbà tí èrò bá pọ̀ nínú rẹ̀ ni àṣírí ń tú.

Pọ́lọ́ńbà àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fọ́ táìlì ìsàlẹ̀. Èkejì, tó dàgbà jù ú lọ, kọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí omi bá dúró sínú abọ́ ìfọwọ́ kan ṣoṣo, páìpù abọ́ náà ni ó dí. Ṣùgbọ́n bí ti òkè bá ń rú jáde ní ìsàlẹ̀, páìpù ńlá tí gbogbo wọn jọ ń dà sí ni kí a wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ṣí àwọn kòtò àyẹ̀wò ẹ̀yìn ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní kún dẹ́nu, èkejì gbẹ. Àárín méjèèjì ni ìdènà wà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, sìmẹ́ǹtì tó ti gan ni wọ́n bá nínú páìpù: àwọn tó tẹ́ táìlì ti fọ irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì da omi rẹ̀ sí ojú ihò balùwẹ̀. Ẹwà tó fa olùrà mọ́ra ni ó dí ilé pa.

Wọ́n pààrọ̀ páìpù náà, bàbá yìí sì wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ní gbogbo mítà 4, páìpù oní-ínǹṣì 4 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀. Ó ní bí gbogbo kòtò bá kún ni, táǹkì ẹ̀gbin ló kún, tàbí kí sọ́kàwéè má fa omi mọ́.

Kí iṣẹ́ tó parí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó sínú táǹkì láti nu ẹnu páìpù.

“Ẹ má bẹ̀rù, Màmá, ìṣẹ́jú kan ni.”

“Má wọ ibẹ̀, ọmọ mi. Páìpù kò tó ẹ̀mí.”

Òtítọ́ ni ìyá náà sọ. Afẹ́fẹ́ olóró inú ẹ̀gbin lè pa ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì wọlé láti yọ ti àkọ́kọ́ lè bá a kú.

Nígbà ayé àwọn agbépòó, gbogbo ará ilé ló mọ ọjọ́ tí ẹ̀gbin ń jáde. Lónìí, ó ti fara pamọ́, olùrà ni yóò wá a. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó da omi sí gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó sì dúró ti kòtò àyẹ̀wò títí omi yóò fi ṣàn kọjá. Kí ó bèèrè ìgbà tí wọ́n fa táǹkì kẹ́yìn. Kí agbẹjọ́rò rẹ̀ sì kọ èsì ìbéèrè náà sínú àdéhùn.