Ará Kòríà ti Ọjà Aswani

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí bí èrò ṣe ń ya bí omi, kí ó dé ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ kò ní í tíì lù tí ẹsẹ̀ kò fi ní í gbèrò mọ́ lójú ọ̀nà. Oníṣòwò ń bẹ níbẹ̀, oníbàárà ń bẹ níbẹ̀, alárùú ń ké "Ẹ yàgò!", ẹni tí kò sì ní kọ́bọ̀ lápò wá fi ojú ra tirẹ̀. Òkìríkà ni ọba ọjà náà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, kí oníbàárà lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì ṣa èyí tí ó bá wù ú. Ìjọba Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ ìlú, ṣùgbọ́n Kùtọnu kò jìnnà sí Èkó, ẹni tí yóò bá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kì í kan ìlẹ̀kùn iwájú. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ó fún àdúgbò náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tuntun láyé ọjọ́un, aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń dù níbẹ̀ lónìí.

Ní ọjà yìí, bí agogo mẹ́wàá àbọ̀ bá ti lù, tí ọjà ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná, ọkùnrin kan wà tí í máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jókòó lórí bẹ́ẹ̀lì kan tí wọn kò tíì tú. Yóò yọ fóònù rẹ̀, yóò fi ọwọ́ ṣíji bò ó nítorí oòrùn, yóò sì tẹjú mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé láti ìgbà náà lọ, òun nìkan ni ó kù lẹ́nu ọjà. Wákàtí mẹ́jọ ni Gúúsù Kòríà fi ṣíwájú Èkó. Nígbà tí agogo mẹ́wàá àbọ̀ òwúrọ̀ bá lù ní Aswani, agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ó lù lọ́hùn-ún, àsìkò náà gan-an sì ni bésìbọ́ọ̀lù wọn ń bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ọdún ni wọ́n ń gbá a, ojoojúmọ́ ni, àfi ọjọ́ Ajé tí wọ́n fi ń sinmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, ni wọ́n sì ń tún ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa wí pé ó dá òun lójú pé òun ni àwọn ará Kòríà fi ohun náà sọ̀kò sí.

Ará Kòríà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Kò sí ohun tí ó kàn án kan Kòríà ní ti ìbí: ọmọ Ìbàdàn ni baba rẹ̀, Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí òun sí. Ọdún 5 ni ó lò ní Busan, ìlú ńlá etí òkun tí èbúté rẹ̀ tóbi ju gbogbo èbúté Kòríà lọ. Ẹgbẹ́ tí ọkàn rẹ̀ so mọ́ ni Lotte Giants ti ìlú náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í léèrè ọ̀rọ̀ wọn bí ó bá ní ibi tí ó ń kánjú lọ.

Bí àwọn ọmọ alárùú bá pagbo yí i ká, báyìí ni í máa ṣàlàyé eré náà fún wọn: "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn kejì yóò di igi mú láti gbá a. Bí ó bá gbá a tì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di ará ìta. Bí ó bá gbá a, eré ló kù. Ibùdó mẹ́ta ni yóò yí ká kí ó tó padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ilé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹni tí ó bá padà délé ni ó gba àmì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé ibùdó kẹta, tí wọ́n wá lé mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, bí ẹni tí kò kúrò nílé rárá ni."

"Ìgbà wo ni yóò parí, bàbá?"

"Bí ó bá parí."

Wọn a bú sẹ́rìn-ín, wọn a sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń jiyàn lórí Arsenal àti Chelsea lọ. Èyí kò bà á nínú jẹ́. Ó mọ̀ pé eré tí kò ní aago kò lè dùn mọ́ ẹni tí ń ru ẹrù fún owó.

Ọdún 1982 ni Kòríà dá líìgì bésìbọ́ọ̀lù àwọn agbowóṣeré sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ 6, Lotte sì wà lára wọn. Láti ọdún 2015 ẹgbẹ́ 10 ni wọ́n, olúkúlùkù a sì máa gbá ìdíje 144 lọ́dún kan. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Lotte gba ife: ní 1984 àti ní 1992. Ti 1984 ni àwọn ará Busan ń fi bú. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Choi Dong-won ni ó ju bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà náà. Ìṣẹ́gun 4 ni ẹgbẹ́ nílò láti gba ife. Òun nìkan ni ó gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láàárín ọjọ́ 10, lórí apá kan ṣoṣo. Ó kú ní 2011, wọ́n sì mọ ère rẹ̀ sí iwájú pápá ìṣeré Sajik.

Ọdún 1984 náà kò ní í kúrò lọ́kàn Ará Kòríà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí Choi. Ọmọ ọdún 9 ni ó jẹ́ nígbà náà. Baba rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, jẹ́ ọmọlẹ́yìn Shooting Stars ti Ìbàdàn, ọmọlẹ́yìn tí kò ní oògùn. Ọkùnrin náà wà láyé nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1976, tí ẹgbẹ́ kankan láti Nàìjíríà kò gba irú rẹ̀ rí, ó sì gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Shooting Stars dé àṣekágbá pẹ̀lú Zamalek ti Íjíbítì, wọ́n ti fi góòlù 2 sí òdo nà wọ́n ní Káírò. Baba mú ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré Sùúrùlérè láti lọ wo bí wọn yóò ti dá a padà. Zamalek tún fi ẹyọ kan nà wọ́n. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà sí Ìsọlọ̀ lóru ọjọ́ náà. Baba ń sunkún lójú ọ̀nà, kò sì fi pamọ́ fún ọmọ. Ọjọ́ náà ni ọmọ pinnu pé òun kò ní í so ọkàn òun mọ́ bọ́ọ̀lù láéláé. Bí ó ti ń dàgbà, a máa fi baba rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá, ṣé ẹgbẹ́ yìí ń san owó oṣù fún yín ni?" Baba a dá a lóhùn pé ẹni tí ó bá fẹ́ aya nítorí owó ni í bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ní 2007 ni ó lọ sí Busan láti ra ọjà. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ìgbélùú kọjá ọjọ́, ó sì di ẹni tí ń ṣa aṣọ ní ibi tí wọ́n ti ń di òkìríkà: èyí tí ó dára lọ́tọ̀, èyí tí yóò lọ sí Áfíríkà lọ́tọ̀, àkísà lọ́tọ̀. Òjò kì í pa á, oúnjẹ kò wọ́n ọn. Ohun tí ó wọ́n ọn ni ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2008, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan fa á lọ sí Sajik. Kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fa ìwé ìròyìn ya wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jù ú bí ìrùkẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ọsàn, tí wọ́n sì wé e sórí bí gèlè. Nígbàkigbà tí ajubọ́ọ̀lù ọ̀tá bá fẹ́ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú ẹni tí ó dúró ní ibùdó, gbogbo pápá a pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ma!" Ẹ̀rín pa ọmọ Yorùbá náà. Ní èdè Busan, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé "Ìwọ yìí!" ni, ṣùgbọ́n ní etí tirẹ̀, "Má!" ni wọ́n ń wí, má dán an wò, ọ̀rọ̀ náà sì bá iṣẹ́ tí wọ́n rán an mu wẹ́kú. Láti ọjọ́ náà ni òun náà ti ń bá wọn pa á.

Ní ọjọ́ kan náà yìí, bọ́ọ̀lù kan yẹ̀ lórí igi, ó fò wọ àárín èrò, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń ké mọ́ ọn láti ọ̀tún àti òsì: "A jura! A jura!" Ara rẹ̀ tutù. Ó rò pé olè ni wọ́n ń pè é. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni ó fa apá aṣọ rẹ̀, tí ó fi ìka tọ́ka sí ọmọdébìnrin kan. Òfin Sajik ni: àgbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí lọ́wọ́, kí ó fún ọmọdé. Ó fi fún ọmọ náà. Gbogbo agbo pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà náà sì ṣí abọ́ rẹ̀, ó fi itan adìẹ kan lé e lọ́wọ́, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọdún rere ni 2008 jẹ́ fún wọn. Lotte gba Jerry Royster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, àjèjì àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ ní líìgì náà, ó sì mú wọn padà sí ìdíje àwọn aṣíwájú lẹ́yìn ọdún 8. Àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ará Kòríà lójú pópó pé "Royster!" Kò sọ fún wọn pé òun kọ́. Àjèjì mìíràn tún wà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Sajik, Kerry Maher, òyìnbó Amẹ́ríkà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Youngsan. Bàbá Àgbà Sajik ni wọ́n ń pe ti onírùngbọ̀n funfun náà, tẹlifísàn a sì máa wá a kiri láàárín èrò. Ìfẹ́ ọkùnrin náà sí Lotte kò lẹ́tàn nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àjèjì tí wọ́n ń wá láti yà ní fọ́tò, ọ̀tọ̀ ni èyí tí í máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó bá rí ẹni tí ó gbé kámẹ́rà.

Oṣù kẹjọ ọdún 2010 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago láti ilé pé baba rẹ̀ ti kú. Kò lè lọ: ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, bí ó bá jáde kò ní í wọlé mọ́, owó tí wọn yóò sì fi sin baba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi owó ránṣẹ́. Yàrá kò gbà á. Ó gba Sajik lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Lee Dae-ho, ọmọ Busan tí ó sanra bí erin, ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nínú ìdíje kan tẹ̀ lé òmíràn títí ó fi pé 9, tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí lágbàáyé. Nígbà tí èrò dìde láti kọ orin ẹyẹ òkun Busan tí í ṣe orin wọn, ó dìde pẹ̀lú wọn. Ó ń kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé ìfẹ́ Lotte ni. Wọ́n gbá a mọ́ra.

Ó padà sí Ìsọlọ̀ ní 2012 pẹ̀lú báàgì 2. Àwọn tí wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí òun lọ sí Busan ti kọ́lé. Àwọn ìbátan wò ó lọ́wọ́, wọ́n wò ó lẹ́sẹ̀. Ohun tí ó mú bọ̀ kò ṣe é gbé kalẹ̀ ní pálọ̀. Ní ti òwò, ó mọ inú bẹ́ẹ̀lì ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí ó ti bá wọn dì í rí. Èyí ni ó fi ń bọ́ ilé.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n wá a wá. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dá bọ́ọ̀lù dúró káàkiri ayé, Kòríà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọjọ́ kejì tí Èkó tú sémọ́lé sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò rí Arsenal wò mọ́ wá lọ bá a, àwọn mìíràn nítorí tẹ́tẹ́. Ó kọ́ wọn. Wọ́n ń ké "Má!" ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, Pírẹ́míà Líìgì padà dé. Ẹ̀yìnkùlé náà sì padà sí bí ó ti wà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láìpẹ́ yìí, ó tú bẹ́ẹ̀lì kan, jẹ́sì Lotte kan sì jáde láàárín àwọn síwẹ́tà: funfun, nọ́ńbà 10, orúkọ Lee Dae-ho lẹ́yìn rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì Kòríà. Ó ká a mọ́ abẹ́ itan rẹ̀ kíákíá. Kò kíá tó. Ìyá kan ti rí i, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kékeré sì ti rí i.

"Jẹ́sì Okocha nìyẹn," ni ìyá wí.

"Messi ni," ni ọmọ wí.

Ìyàwó pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ọkọ ní kì í ṣe títà.

"Bàbá wọn, kì í ṣe títà báwo? Ṣé owó ilé-ìwé tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ wa náà kì í ṣe sísan?"

Kò dáhùn. Ìyá ọmọ náà kò sì ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún; ó ti ń fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti máa lọ. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn di apá jẹ́sì náà mú, ó ń fi ìka tẹ̀ lé àwọn lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ará Kòríà wò ó títí. Ó wí ọ̀rọ̀ kékeré kan sẹ́nu ara rẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó sì wọ jẹ́sì náà fún ọmọ náà láti orí. Ó dé e lórúnkún.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún bí wákàtí kan. Ó ń ta ọjà, ó ń ka owó, ó ń pòṣé. Nígbà tí oòrùn wá mú gan-an, ó yíjú sẹ́yìn.

"Wọ́n ti tún ń nà wọ́n?"

"Àmì 9 sí 2."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ó ku ẹ̀ẹ̀meji."

Ó fa agbòòrùn yọ lábẹ́ ìtàgé, ó sì nà án sí i, kí ó lè rí ojú fóònù náà dáadáa.