Irin Méjì ní Lọ́kọ́jà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Lọ́kọ́jà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí sí yín, ooru ibí sì ju ti Ìbàdàn lọ fíìfíì. Mo ti dé ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, mo rí i bí àwọ̀ omi méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn kí wọ́n tó dà pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló gbà mí lọ́kàn.

Nínú ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Holy Trinity, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, irin méjì wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Irin Òmìnira ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ará ìlú ní ẹrú tó bá ti gba àárín irin méjèèjì kọjá ti bọ́ nìyẹn, olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Oòrùn ti mú un gbóná janjan. Kò sí ògiri, kò sí ilẹ̀kùn, irin lásán ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹ̀kọ́ Bíbélì tí ẹ kọ́ wa nípa Àdóníjà àti Jóábù. Ẹ̀rù Ọba Sólómọ́nì ba àwọn méjèèjì, wọ́n sá lọ di ìwo pẹpẹ mú kí wọ́n má baà pa wọ́n. Àdóníjà bọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ti Jóábù, ibi pẹpẹ gan-an ni Bẹnáyà tí Sólómọ́nì rán pa á sí. Òfin Mósè kúkú ti sọ pé kí wọ́n mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn kúrò níbi pẹpẹ. Ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn ni wọ́n ya ìlú ààbò mẹ́fà sọ́tọ̀ fún, mẹ́ta níhìn-ín odò Jọ́dánì, mẹ́ta lọ́hùn-ún. Bó bá ti dé ẹnubodè, yóò ro ẹjọ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà ìlú, wọn óò gbà á wọlé, wọn óò sì fún un níbi tí yóò máa gbé. Ẹ wo ẹrù tí wọ́n gbé lé àwọn àgbà yẹn lórí! Agbẹ̀san ẹ̀jẹ̀, ìbátan ẹni tó kú, ń bọ̀ tìbínú-tìbínú, àwọn ni yóò sì dúró dè é. Lójú tèmi, àwọn gan-an ni ìlú ààbò náà.

Diutarónómì orí 23 ló wá bá ọ̀rọ̀ Lọ́kọ́jà mu jù: wọ́n pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé bí ẹrú bá sá tọ̀ wọ́n wá, wọn kò gbọdọ̀ dá a padà, ibi tó bá wù ú ni kó máa gbé. Bẹ́ẹ̀, ní Bábílónì, ikú ni òfin Hammurabi dá fún ẹni tó bá fi ẹrú tó sá pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n, Crowther tó ṣaájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ẹrú ni òun náà rí. Ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, ọmọdé ni. Inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Mi ò lè ka orí 23 yẹn bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ mọ́.

Sísá àsálà kò sì tíì tán níbí. Láyé ogun Núpé, orí òkè ni àwọn Òkun, Yorùbá agbègbè yìí, ń sá sí. Ní 2012 àti 2022, omi ló ya bo ìlú. Obìnrin kan tó ń yan ẹja létí odò sọ fún mi pé inú kíláàsì ilé-ìwé ni òun àti àwọn ọmọ òun sùn sí nígbà tí omi dé, àti pé àwọn tí ilé wọn wà nítòsí ló kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kó kúrò létí omi. Ó yí ẹja tó wà lórí iná padà, ó ní ṣé ẹja yóò bá òun kó ni?

Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ka orí 23 yẹn sétí àwọn ọmọ, kí ẹ sì pa ìtàn ọmọ Òṣogùn mọ́ ọn. Mo ń ra ẹja bọ̀ fún ìyàwó yín.

Èmi ni,
Àbúrò yín