Ọgbọ́n Fífò Kọ́ Ni Gbogbo Ọgbọ́n Orí Òkè

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwa òbí Yorùbá tí a ń gbé ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ wa ti di ògbóǹtarìgì nínú eré síkì. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n fò, tó sì mọ̀ ọ́n yí lójú òfuurufú nínú terrain park, ṣé a lè fọkàn balẹ̀ kí ó máa lọ sí ibikíbi tó bá wù ú lórí òkè?

Fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, terrain park jẹ́ apá kan òkè tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ kó yìnyín jọ bí ebè ńlá fún fífò, tí wọ́n sì gbé irin kalẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní Breckenridge àti Keystone nítòsí wa. Irú eré yìí ló di slopestyle, tó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sochi ní ọdún 2014.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, gbówọ́ nínú rẹ̀. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ẹni tó lè fi ẹ̀yìn fò, tó sì balẹ̀ láìṣubú, kí ló kù tí kò lè ṣe?" Mo mú un lọ sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí òòrùn ti yọ́ lọ́sàn-án, tí òtútù òru sì ti sọ di líle bí òkúta. Kò ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè yí síbi tó fẹ́; ṣe ló ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwọn igi ìsàlẹ̀. Ìdí kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yọ̀ lórí irin máa ń fi fáìlì ha etí irin abẹ́ síkì wọn kí ó má baà há. Etí yẹn gan-an la fi ń di yìnyín líle mú.

Èyí kò sọ pé òfo ni ọgbọ́n fífò. Markus Eder, ará Ítálì, díje nínú slopestyle ní Sochi, ó sì gba ipò kìíní nínú Freeride World Tour ní 2021, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ẹ̀rọ kankan kò tún ṣe. Candide Thovex, ará Faransé, tó ti gbégbá orókè nínú X Games, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2010. Ìdúró ṣinṣin àti àìfòyà wọn bá wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín òkè Alps ni wọ́n dàgbà sí. Òkè fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ wọn.

Nínú park, ẹlòmíràn ti bá ọ wo ibi tí o máa balẹ̀ sí. Níta, ìwọ ni o máa wò ó. Yìnyín máa ń yí padà láàrin wákàtí kan, ó sì lè ya lulẹ̀ kí ó bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìyá ọmọ náà fẹ́ kí ó fi park sílẹ̀ pátápátá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ó máa fò, ṣùgbọ́n kí ó máa kọ́ yíyí lórí yìnyín líle pẹ̀lú. Ní ti ìta ààlà, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é sí, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ títí yóò fi kọ́ nípa yìnyín tó ń ya, tí yóò sì ní àgbà tó mọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.