Ogun Àwítẹ́lẹ̀ Kì Í Pa Arọ Tó Bá Gbọ́n: Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Dákú ní Òmù-Àrán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní "Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Èmi gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́n. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀la ni mo máa ń fi í sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ̀rọ náà ti ń gba àtúnṣe tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, iná ọba lọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná padà dé, ojú rẹ̀ ṣú dùdù, ó ń tàn, ó ń kú. Àyà mi já. Inú rẹ̀ ni ohùn ìyá mi wà: wákàtí mẹ́ta oríkì ilé wa, tí wọ́n fi ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà kì fún mi lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn.

Mo pe àwọn tó tà á fún mi. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn: tẹ oókan, tẹ eéjì. Nígbà tí ènìyàn máa fi dé, owó orí fóònù mi ti ń tán lọ. Ó ní kí n gbà kí ẹ̀rọ pa ohun gbogbo rẹ́, yóò sì dà bí tuntun. Ìka mi ti fẹ́ẹ̀ kan bọ́tìnì náà kí n tó béèrè pé, "Títí kan ohùn tí mo gbà sílẹ̀?" Owó tán kí ó tó dáhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?" Ó ṣàlàyé pé ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, àwọn fáìlì mi lè wà níbẹ̀ síbẹ̀, bí a kò bá ti kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ háàdì dísìkì, ó fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn ìyá mi jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn méjì tó wá gba fóònù wọn dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ èmi nìkan. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, àṣìṣe kan nínú àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri àgbáyé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfúrufú kò gbéra. Iṣẹ́ dàrú ní báńkì àti ilé ìwòsàn. Fáìlì kan péré ni wọ́n ní láti yọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò lè jí kò lè gba ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ni ènìyàn ní láti dúró níwájú rẹ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Ẹ̀siẹ́, tí kò jìnnà sí wa, ère òkúta tó lé ní 800 wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn ni orí rẹ̀ ti kán, síbẹ̀ a ṣà wọ́n jọ, a sì ń wò wọ́n. Òkúta tó fọ́ ní àfọ́kù; ohùn tó bá parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kò ní.

Lónìí, oríkì ìyá mi wà níbi mẹ́ta: nínú kọ̀ǹpútà mi, nínú fíláàṣì kan, àti lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ìlọrin. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí iná tó lọ lálẹ́ òní, ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín.