Òjò Orí Ben Nevis
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun Ben Nevis ní Skọ́tíláǹdì lópin ọ̀sẹ̀ tí òjò ń rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ jíǹsì. Tó bá ti rin gbingbin, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ itan, òtútù á sì wọ eegun.

Mítà 1,345 ni òkè náà ga. Lórí rẹ̀ téńté, àwókù ilé àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ṣì wà. Láti 1883 sí 1904, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ òjò àti afẹ́fẹ́ ní wákàtí-wákàtí. Mo kan sáárá sí wọn!

Kùrukùru ló ń bà mí lẹ́rù ju òjò lọ. Ó lè bo ọ̀nà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbun ńlá wà lápá àríwá. Ẹ mú máàpù àti kọ́ńpáàsì dání. Bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, ẹ yí padà, kódà kó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ débẹ̀.