Àyè Ìka Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù mu pátápátá, pàápàá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, níbi tí agbégilódò ti ń gbé gẹdú jáde láti inú igbó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló ti lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá wá sáyé gbó. Ọ̀kan nínú èyí tí a fi ń rọ́pò rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì Mercedes 911 tòkunbọ̀. Nínú orúkọ náà, 9 dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin 110. Epo dísù ló ń mu.

Ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́, awakọ̀ kan gbé Bedford rẹ̀ wá láti Oǹdó fún irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sórí ṣásí, páǹpù epo fara ko irin ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ ní kí wọ́n fi òòlù lu irin náà wọlé.

“Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ilé-ìwé àwọn ọmọ ti fẹ́ wọlé, n kò tí ì san owó.”

“Dẹ́rẹ́bà, ẹ má bínú. Irin tí a bá lù ti di aláàárẹ̀, òun náà ni yóò sì ru gẹdú.”

A kì í ṣí irú páǹpù yìí nípò bí ẹni gbé àga. Eyín irin ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jọ yí lásìkò kan náà. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò sún. Àgbà oníṣẹ́ yìí lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ara páǹpù, ó tún sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó sì wo ibi tí amọ̀ ti tẹ́. Ó wá fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n nípọn dọ́gba sábẹ́ ìjókòó ẹ́ńjìnnì lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn èyí ni ó yẹ fáànù àti ọ̀pá tí ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wò, nítorí bí a bá gbé iwájú sókè, ìdúró ẹ̀yìn yóò yí padà.

Àyè tí ojú rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́ kọ́ ni àyè tí yóò ṣẹ́kù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà ló jókòó lé. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tòun ti ẹrù, yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyí tí àgbà náà fi fi ọ̀pá tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ó fi dá a lójú pé àyè ìka kan kò kúrò níbẹ̀. Bí páìpù tí ń gbé epo wá bá ń ha irin, yóò lu. Afẹ́fẹ́ yóò wọ inú epo, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú lórí òkè. Agbégilódò tó bá ń yí padà sẹ́yìn kò mọ ọlọ́kadà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọmọ ilé-ìwé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ náà gbà, owó ọjọ́ mẹ́ta sì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Àwọn tí yóò pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà kò ní mọ̀ pé ẹnìkan fi sùúrù wá àyè sílẹ̀ nítorí tiwọn.